Àwọn Ojú Léésà Tó Ń Kú Lọ́wọ́ Mi

11 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀gá Kang wá láti Taichung lónìí. Ó mu tíì ife méjì, ó jẹ èso pasímọ́ọ̀nù gbígbẹ mẹ́rin, kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ayùn ńlá fẹ́ iná léésà tó ń fa ìlà pupa tín-ín-rín sára pákó, kí àwọn agégi lè mọ ibi tí ayùn máa gbà. Ogójì ló fẹ́, ó sì fẹ́ gbogbo wọn kí ọdún tuntun wa tí a ń fi òṣùpá kà tó wọlé lóṣù kejì. Mo ní kò sí wàhálà. Ó wo gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíká bí ẹni tó ń wá ibi tí òrùlé ti ń jò. Mi ò fẹ́ràn ojú tó fi ń wo nǹkan.

Bó ṣe lọ báyìí ni Màmá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. "Chi-nan á ràn ọ́ lọ́wọ́," ó ní. Mo ní èmi nìkan tó ó ṣe. "Ṣé mo bi ọ́ ni?" Ọdún mẹ́jọ ni Chi-nan àbúrò mi lò ní Dongguan lókè òkun, kò bá wa jẹ oúnjẹ alẹ́ ọdún rí láàárín rẹ̀. Oṣù tó kọjá ló padà dé pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Màmá ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé tí iṣẹ́ yìí bá yọrí, ọmọ òun ò ní lọ mọ́. Ohun tó ń tọrọ nìyẹn tó bá ń tan tùràrí síwájú àwòrán Bàbá: kí àwa méjèèjì jókòó ti òun nídìí tábìlì kan náà, kí ó sì máa rí bẹ́ẹ̀ lọ títí òun á fi kú.

Ó dára. Ṣùgbọ́n páànù tí mò ń kó ojú léésà sí, àwọn hóró kékeré tí iná náà ti ń jáde, máa wà lábẹ́ àga mi.

13 Oṣù Kọkànlá

Chi-nan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun ló ń ṣètò bọ́ọ̀dù tó máa fún léésà níná, kí iná má baà pọ̀ jù. Èmi ló ń fi òjé lẹ wáyà mọ́ ẹsẹ̀ ojú léésà, tí mo sì ń so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Màá gbé e fún un padà, á sì tàn án wò. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbàgbé iṣẹ́, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi náà ò tíì gbàgbé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Chi-nan nígbà tó gbé ẹ̀rọ Bàbá, èyí tó ń fi ìrìn iná hàn lójú dígí, lọ tà ní Taipei, tó wá sọ fún wa pé olè ló wọlé. Bàbá na ajá ilé nítorí pé kò gbó. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

18 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ ti dé. Atẹ́gùn ń gbá ilẹ̀kùn, ètè mi ti là, aṣọ tí mo sá láàárọ̀ gbẹ kí n tó mu tíì tán. Ìyá Liu tó wà ní ilé kejì ń kọrin lórí òrùlé rẹ̀, nítorí pé irú atẹ́gùn yìí ló ń gbẹ pasímọ́ọ̀nù tó sá, tó ń sọ ọ́ di owó.

Ojú léésà mẹ́ta kú lónìí. A ò lè sọ pé wọ́n jó, nítorí wọn kì í jó tán. Tí a bá tàn án, á pọ́n díẹ̀ bí ìdí sìgá tó ń kú lọ, ìlà kankan ò ní jáde. Òkú tó la ojú sílẹ̀ ni.

Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Okùn wà lọ́rùn ọwọ́ mi, ó so mọ́ ilẹ̀, kí iná tó bá ń sá pamọ́ sí ara mi lè bá a lọ. Irin òjé mi so mọ́ ilẹ̀. Wáyà bàbà tó tín-ín-rín ni mo fi ń di ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mi ò sì ń tú u títí òjé fi tutù. Irin ò pẹ́ lára ẹsẹ̀ kankan. Ó kúrò lọ́wọ́ mi láàyè, ó dé ọwọ́ Chi-nan, ó kú. Kí ni kí n rò?

19 Oṣù Kọkànlá

Méjì míì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, bí mo ṣe tàn án ni mo bá a bẹ́ẹ̀."

22 Oṣù Kọkànlá

Mo gun alùpùpù lọ bá Peng tó ta àwọn ojú léésà náà fún mi, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Hsinchu. Mo yà jẹ núdù lọ́nà. Abọ́ kan ti di àádọ́rin dọ́là tiwa, ẹran inú rẹ̀ sì ti di ìtàn.

"Àlòkù lo tà fún mi," mo sọ fún Peng. "O yọ wọ́n lára ẹ̀rọ tó ti kú."

Ó fọwọ́ lé àyà. "Èmi? Àǹtí Fan, èmi yìí? Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn ná. Ṣé ẹ rí òjé lára wọn? Ohun tí èèyàn bá yọ lára àlòkù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dọ̀tí."

"O lè fọ̀ ọ́."

"Kí n máa fọ ẹsẹ̀ fún nǹkan tí kò tó hóró ìrẹsì! Tèmi gan-an, mi ò tíì fọ̀ ọ́ lónìí."

Àwọn oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó wá rọra bi mí pé, "Èèyàn mélòó ló ń fọwọ́ kàn án lẹ́yìn yín?"

"Ẹnì kan."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní, ó sì yíjú sí ẹlòmíràn.

"Ẹ̀n-ẹ́n" yẹn ni mo gbé lẹ́yìn alùpùpù dé ilé.

24 Oṣù Kọkànlá

Mo ti wá ọgbọ́n. Mo fi ọ̀dà èékánná pupa kán ìdí ojú léésà kọ̀ọ̀kan, ìkán tó kéré tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ̀ nìkan ló lè rí i. Tí Chi-nan bá ń pààrọ̀ alààyè mọ́ òkú, tó ń kó àwọn tó dára pamọ́ láti tà, àṣírí á tú.

Mo tún ra àpò ìpápánu aláwọ̀ ewé tuntun, oníọ̀rá tí a ń gbé lé ẹ̀rọ bí oògùn ààbò. Ọjọ́ tó máa bàjẹ́ ṣì jìnnà, mo wò ó dáadáa. Èyí tó wà lórí ẹ̀rọ ìdánwò lọ́dọ̀ Chi-nan ti ń ṣe ọ̀lẹ, ó hàn gbangba. Ohun tí orúkọ ara àpò náà ń sọ ni "gbọ́ràn, gbọ́ràn", ẹ̀rọ wo ní Hsinchu yìí ni wọn ò gbé e lé lórí kó má baà ya ewèlè? Ti tuntun yìí, mi ò gbé e sórí ẹ̀rọ. Orí tábìlì mi ni mo gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin òjé gan-an, kó máa wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Màmá kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Chi-nan ló wò nígbà tó ń sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

1 Oṣù Kejìlá

Òjò ń rọ̀ láti ìjẹta. Ara ògiri ń làágùn. Ìyá Liu ń fi ààrò gbígbóná gba pasímọ́ọ̀nù rẹ̀ là, ó sì ń bú òjò bí ẹni bú orogún. Kò sí òkú kankan. Àpò ń ṣiṣẹ́.

5 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ padà, ikú padà. Mẹ́rin láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán.

Mo dúró kí Chi-nan jáde, mo yí àwọn òkú náà wò lábẹ́ dígí. Ìkán pupa wà ní ìdí gbogbo wọn. Kò pààrọ̀ ọ̀kankan. Ẹlòmíràn á ní ọkàn òun balẹ̀. Tèmi ò balẹ̀. Tí kò bá ń jí wọn, a jẹ́ pé ó ń pa wọ́n. Olè ń jalè kó lè jẹun, ìyẹn yé mi. Ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́ tí kò mú nǹkan kan, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ó sì ní ìpè kan lórí fóònù tí kì í dáhùn nínú ilé. Tó bá ti dún, á jáde sínú atẹ́gùn, á kọ ẹ̀yìn sí wa. Nọ́ńbà òkèèrè ni, mo rí i. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní Dongguan ní ilé iṣẹ́ léésà tó tóbi. Tí àwa bá já Ọ̀gá Kang kulẹ̀, ta ló máa gba iṣẹ́ náà? Ọmọ kékeré lè rò ó.

Nígbà tí mò ń fún Màmá ní oògùn rẹ̀, mo sọ fún un pé kó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé yìí. Ó gbé oògùn mì.

Mo ra àpò méjì sí i. Wọ́n ti yí iṣẹ́ mi ká bí ọgbà.

8 Oṣù Kejìlá

Ìyá Liu mú pasímọ́ọ̀nù wá, ó jókòó, ẹnu rẹ̀ ò jókòó.

"Mo rí Chi-nan ní iwájú tẹ́ńpìlì," ó ní. "Òun nìkan. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń jágbe."

"Kí ló ń sọ?"

"Atẹ́gùn ò jẹ́ n gbọ́. Mo kàn gbọ́ 'mi ò ṣe, mi ò ṣe'."

"Kí ni kò ṣe?"

"Jui-hsiang, tí mo bá mọ̀, ṣé màá fi pa mọ́ fún ọ? Ìwọ lo mọ àbúrò rẹ." Ó mú ọ̀kan nínú pasímọ́ọ̀nù tó fún mi, ó jẹ ẹ́. "Ọkùnrin tí kò fẹ́yàwó dé ogójì ọdún, èèyàn á máa ṣọ́ ọ ni."

Àlejò tó ń jẹ ẹ̀bùn tó gbé wá, òun náà yẹ kí n máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n "mi ò ṣe" yẹn ò kúrò létí mi.

12 Oṣù Kejìlá

Chi-nan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí àwọn àpò.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn nǹkan yìí ò yẹ lórí tábìlì yín. Ẹ gbé wọn sórí ẹ̀rọ bí a ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀."

Orí ẹ̀rọ, lọ́dọ̀ tirẹ̀! Ó fẹ́ kí ààbò kúrò lórí mi.

"Kí ló dùn ọ́ nínú pé kí iṣẹ́ mi gbọ́ràn?"

"Kò dùn mí. Ọ̀rá ni. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé—"

"Lọ gbé ẹ̀rọ Bàbá padà wá ná, kí o tó wá ṣàlàyé nǹkan fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

Ó padà sí ìjókòó rẹ̀. Mo rò pé mo ti borí, inú mi sì dùn gan-an.

15 Oṣù Kejìlá

Mo sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, kò sí àpò kankan lórí tábìlì mi. Mo wá a títí, mo wọ yàrá Chi-nan nígbà tó ń fọ eyín. Wọ́n tò lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò tilẹ̀ jẹ ẹ́. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń gbèrò.

Mo ṣiṣẹ́ láìsí àpò títí di ìrọ̀lẹ́, nínú ọyẹ́ tó ń gé èèyàn lára. Kò sí ọ̀kan tó kú. Ó rọrùn láti yé: ó mọ̀ pé mo ti rí wọn lọ́dọ̀ òun, ẹ̀rù bà á, ó dá ọwọ́ dúró. Olè tó mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun, àdúrà ló máa ń gbà.

16 Oṣù Kejìlá

Mo kó àwọn àpò padà. Mo fi okùn so wọ́n mọ́ ọwọ́ fìtílà tábìlì mi, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé wọn kọ́kọ́ tú kókó mẹ́ta. Chi-nan wò mí, ó mi orí. Márùn-ún kú.

20 Oṣù Kejìlá

Ọ̀gá Kang dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Mo ní kò ní fọkàn tán wa, ó ti hàn lójú rẹ̀ látijọ́. Ó ka àwọn tó ti parí, ó tún un kà.

"Ìyáàfin Fan, àwọn yòókù ńkọ́? Ọdún ti sún mọ́lé o."

Mo lè sọ pé ọjà ò dára. Mo lè sọ pé ara mi ò yá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kún mi dé ọ̀fun.

"Ẹ bi àbúrò mi," mo ní. "Láàyè ni mo ń gbé wọn fún un."

Chi-nan gbé irin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ sọ? Ẹ sọ ọ́ tán."

"Mo ní ìwọ lò ń pa wọ́n. Ọ̀gá rẹ ní Dongguan ló rán ọ. Ẹni tó ta ẹ̀rọ bàbá rẹ̀, tó jẹ́ kí wọ́n na ajá torí ẹ̀, kí ló kù tí kò lè tà?"

Ọ̀gá Kang ń wo inú ife tíì rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Mo gbójú sókè, Màmá wà lórí àtẹ̀gùn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Chi-nan ń wò ó, ó ń dúró dè é. Màmá ò sọ̀rọ̀. Chi-nan wá bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a, ó gbé e lé orí àga.

"Màmá, mò ń lọ," ó ní.

Báàgì kan náà tó gbé wá ló gbé jáde.

22 Oṣù Kejìlá

Ọjọ́ tí òru gùn jù lọ́dún. Màmá se òkèlè roboto oníṣúgà bí a ṣe máa ń ṣe é. Ó bu abọ́ mẹ́ta. Abọ́ kẹta tutù, ó dì. Ó wà níbẹ̀ títí di àárọ̀, mi ò lè gbé e kúrò, òun náà ò gbé e kúrò.

27 Oṣù Kejìlá

Méjì kú.

Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ kí n lè rí i: méjì kú, èmi nìkan ni mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo ṣètò bọ́ọ̀dù, èmi ni mo lẹ òjé, èmi ni mo tàn án. Mo wo ẹ̀yìn mi. Mo wo ojú fèrèsé bóyá Ìyá Liu wà níbẹ̀. Mo ronú sí Peng. Mo ronú sí eku. Mo tilẹ̀ wo àwòrán Bàbá pé bóyá ó ń bínú sí mi, mo tan tùràrí, mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tùràrí, ẹ̀kẹta kú.

Tí Chi-nan bá fi nǹkan sínú bọ́ọ̀dù kó tó lọ ńkọ́? Mo tú bọ́ọ̀dù mẹ́fà palẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní ni. Kò sí bọ́ọ̀dù kankan tó ní àbùkù.

3 Oṣù Kíní

Mo ń bó awọ wáyà. Awọ pupa kéékèèké tó já sílẹ̀, mo fẹ́ gbá wọn kúrò, wọ́n fò dìde fúnra wọn. Wọ́n lọ lẹ̀ mọ́ àpò aláwọ̀ ewé tó so rọ̀ lára fìtílà. Mo gbọn àpò náà. Wọn ò jábọ́. Mo mú apá mi sún mọ́ ọn, gbogbo irun apá mi dìde.

Mo gbé irin òjé kalẹ̀.

Iná kan náà tó ń ta èèyàn lọ́wọ́ tó bá bọ́ súẹ́tà nínú ọyẹ́ ni. Okùn ọrùn ọwọ́ mi ń kó tèmi lọ sílẹ̀. Ta ló ń kó ti àpò? Ọ̀rá kì í jẹ́ kí iná rìn, ibi tó bá gbà á sí ló máa wà. Tí òjé bá ti tutù, màá tú wáyà bàbà tó di ẹsẹ̀ pọ̀, màá yí iṣẹ́ náà láti so ó mọ́ bọ́ọ̀dù, wáyà gígùn rẹ̀ á sì fara ra àpò. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí àpò tó dé, ọ̀rá tí Peng fi di àwọn ojú léésà fún mi ló wà níbẹ̀, mo jù ú nù kí n lè rí àyè gbé àpò sí. Tí òjò bá rọ̀, ọ̀rinrin á pa iná náà, kò ní sí òkú. Tí òkú bá pọ̀, màá ra àpò sí i.

Mi ò tíì fẹ́ gbà. Mo mú ojú léésà kan tó dára, mo tàn án, ìlà rẹ̀ gún régé lára ògiri. Mo pa á. Mo jẹ́ kí wáyà rẹ̀ gba ara àpò kọjá, mo fi orí wáyà náà kan irin tábìlì. Ó ta pàrà, ìró tí kò tó ti èèrà tó bọ́ sílẹ̀. Mo tàn án. Ó pọ́n díẹ̀, ìlà ò jáde. Mo mú òmíràn. Òun náà kú.

Àbúrò mi wá dúró níbí, ó ní "ọ̀rá ni", mo sì lé e. Ojú tì mí débi pé mo bo ojú mi, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan nínú ṣọ́ọ̀bù.

4 Oṣù Kíní

Mo kó àwọn àpò lọ sórí tẹlifíṣọ̀n òkè. Mi ò jù wọ́n nù. Ta ló láyà?

18 Oṣù Kíní

Ogójì pé. Látìgbà tí àpò ti kúrò, ẹyọ kan ò kú lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ Ọ̀gá Kang kó wọn lọ, òun fúnra rẹ̀ bá ọkọ̀ náà wá. Ó tan ọ̀kan wò lára ilẹ̀kùn wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àbúrò yín ńkọ́?"

"Ó rìnrìn àjò."

Ó wò mí, ó wo àga Chi-nan, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo fẹ́ kí inú mi dùn. Mo gbìyànjú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mi ò tíì sọ fún Màmá. Ojoojúmọ́ ni mò ń gun àtẹ̀gùn lọ sọ ọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń bèèrè ohun tó fẹ́ jẹ. Ẹnu tó yá láti fẹ̀sùn kan èèyàn ti wá wúwo bí ọlọ.

30 Oṣù Kíní

Ìyá Liu ló sọ ibi tí Chi-nan wà fún mi, ó sì fi oríṣiríṣi ojú sọ ọ́. Zhubei, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ìkòkò ìrẹsì oníná àti fáànù ṣe. Kò tilẹ̀ jìnnà. Mo bá a nílẹ̀ láàárín àwọn ìkòkò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ṣé ìrẹsì yín ò jinná mọ́ ni?"

"Àpò ni," mo ní.

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò tẹnu mọ́ ọn? O lè pariwo mọ́ mi!"

"Tí mo bá pariwo, ẹ ó ní mò ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, ẹ ó ní mò ń gbèrò nǹkan. Mo gbé wọn kúrò, ẹ so wọ́n lókùn." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wò mí. "Mo ní èèyàn wo ló ń so ìpápánu lókùn báyìí."

"Má bínú. Mo bẹ̀ ọ́, Chi-nan, má bínú sí mi."

Ó ń yí ìdè kan lára ìkòkò, ó yí i kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí. "Ọ̀gá mi ní Dongguan pè mí títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ó ní kí n padà, òun á fi owó kún owó mi. Inú ọyẹ́ ni mò ń jáde sí kí Màmá má baà gbọ́, mò ń sọ fún un pé mi ò ṣe mọ́, mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ fẹ̀sùn kàn mí níwájú Ọ̀gá Kang, mo pe ọ̀gá mi yẹn, mo ní mo ti gbà. Ọjọ́ kẹta ọdún tuntun ni ọkọ̀ òfuurufú mi."

"Mi ò ṣe" tí Ìyá Liu gbọ́ nìyẹn.

"Wá jẹun ọdún," mo ní. "Nítorí Màmá."

"Ojú Màmá lẹ ti sọ ọ́. Ṣé ẹ máa kó o jẹ lójú Màmá?"

"Màá kó o jẹ."

"Lójú mi?"

"Lójú rẹ."

"Màá wá nígbà náà."

9 Oṣù Kejì

Alẹ́ ọdún. Òòrùn ràn díẹ̀ lọ́sàn-án. Adìẹ ti wọ́n jù, gbogbo ọjà ló ń ṣe bí ẹni pé adìẹ ọba ni wọ́n ń tà. Mo rà á pẹ̀lú ẹja ńlá kan, Màmá sì gbé ẹran oníyọ̀ tó ti rẹ sílẹ̀ jáde.

Chi-nan dé pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà, kò fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi tan tùràrí fún Bàbá. A jókòó. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan igi ìjẹun, nítorí Chi-nan ń wò mí.

Mo dìde dúró. Mo ní, "Màmá, irọ́ ni mo pa mọ́ Chi-nan. Kò pa nǹkan kan, kò ta wá fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi pa àwọn ojú léésà yẹn, òun ló mọ̀ ọ́n, òun ló sọ fún mi, mi ò gbọ́. Láti ọjọ́ tó ti dé ni mo ti ń wá ẹ̀sùn tí màá fi kàn án." Mo jókòó.

Mo rò pé inú Màmá máa dùn. Ó gbé igi ìjẹun rẹ̀ kalẹ̀. Ó dìde, ó gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀, a ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè. Ó pẹ́ kó tó padà. Ìkòkò ìrẹsì kékeré kan ló gbé bọ̀, ó gbé e sáàárín adìẹ àti ẹja, ó ti ọwọ́ bọ inú ìrẹsì náà, ó sì fa ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà ìyá rẹ̀ jáde.

"O ní kí n la ojú mi sílẹ̀," ó sọ fún mi. "Mo là á. Mo rì í sínú ìrẹsì kí ọmọ mi má baà rí i. Lálaalẹ́ tó fi sùn nínú ilé yìí lẹ́yìn ọjọ́ náà, mò ń ti ilẹ̀kùn yàrá mi pa nítorí rẹ̀." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú abọ́. "Nígbà tó ń wò mí kí n gbà á sílẹ̀, mi ò lanu. Mo gbà ọ́ gbọ́, Jui-hsiang. Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́jọ tọrọ."

Chi-nan fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Màmá, ẹ dákẹ́. Mo mọ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo máa ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹ máa ń yí i lẹ́ẹ̀mejì."

Mo ti rò pé mo mọ gbogbo ohun tí mo bà jẹ́. Màmá ya itan adìẹ, ó gbé e sínú abọ́ Chi-nan. Chi-nan jẹ ẹ́ títí dé egungun. Ó tún bu ikùn ẹja fún mi, ibi tó ní ọ̀rá tí mo fẹ́ràn láti kékeré.

12 Oṣù Kejì

Mo gbé Chi-nan dé pápákọ̀ òfuurufú Taoyuan. Ó ní òun á máa pè. Ó ní kí n má gbàgbé okùn ọwọ́ mi.

Ilẹ̀kùn Màmá ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà tí mo padà délé, ó sì ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó lọ sùn. Èmi nìkan ló kù nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa torí rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ mọ́.